Ilé Tó Kẹ̀yìn Sókun

Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, pé kí n sọ bí òkun ṣe rí. Àwọn kan ò tilẹ̀ béèrè òkun, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé, tí mo kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sétí omi tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀. Orí mi pé o. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi, kí ẹni tó bá sì fẹ́ kó ọmọ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn mi lè mọ irú ilé tó yẹ kó dé sí.

Ẹ kúkú mọ̀ wá ní Ayétòrò níbí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, Bàbá Tòmíwá ọkọ mi sì ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ìbèsè. Ọmọ méjì la bí: Tòmíwá, tó ti ń fi ìwé kíkà yangàn, àti Mọ́yọ̀, tí kò tíì tó lọ ilé ìwé gidi ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ. Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Màmá gan-an ló gbé wa dé etí òkun. Kí ìjọba tó ti bọ́dà pa, gàrí àti láfún ni Màmá máa ń kó láti ibí lọ sí àwọn ọjà ilẹ̀ Kútọnu, tí yóò sì kó aṣọ ọmọdé àti bẹ́ẹ̀dṣíìtì bọ̀. Tí a bá ní ìsinmi, òun ló máa ń ṣáájú wa lọ sí òdìkejì, yóò máa júwe ọ̀nà, yóò máa bá gbogbo ayé ṣàwàdà. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, Màmá jókòó sórí àga lọ́ọ̀dẹ̀, ó kọjú sí títì. Mo bá béèrè ohun tí a ó sè, ó ní, "Èyí tó bá wù yín." Àwọn ọmọ pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bá wọn wí. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì rẹ̀ ló máa ń padà sí kíṣìnnì.

Ọkọ mi ní ìyá òun ń sinmi ni. Mo ní irọ́ ni, ẹni tó bá ń sinmi máa ń bínú sí ẹni tó bá dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi pé obìnrin náà ń lọ mọ́ wa lójú, níbi tó jókòó sí. Bí ìsinmi Kérésìmesì ṣe súnmọ́lé ni mo bá sọ pé etí òkun là ń lọ, tí bọ́dà bá ti tì, Àgbádárìgì ò tì. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Wọ́n mọ̀ mí.

Lójú ọ̀nà

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dà yín láàmú. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlaròó sí Òwódé lásìkò náà mọ ohun tí ojú rí: igi tí wọ́n fi dábùú títì, àwọn aláṣọ ìjọba, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀," "Ẹ ṣí bùútù." Ìrẹsì ni wọ́n ń wá. Wọ́n tú àpò gbogbo wa, wọ́n tú ti Tòmíwá tó jẹ́ pé ṣòkòtò tó fẹ́ fi lúwẹ̀ẹ́ nìkan ló wà ńbẹ̀. Níbì kan, ọ̀gá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ wíńdò, ó ní, "Ẹ ò gbé ìrẹsì, àbí?" Ọkọ mi ní a ò gbé e. Ni Mọ́yọ̀ bá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"A gbé e o! Ó pọ̀ gan-an!"

Gbogbo wa yíjú sí i. Àṣé ọmọ ti ń ṣí kúlà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí mo sè láàárọ̀ ń rú èéfín nínú rẹ̀. Ọ̀gá wo ọmọ, ó wo kúlà, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di ara ọkọ̀ mú. Ó ní ìyẹn náà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò. Ṣíbí kan ló bù, ó ní iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, a sì kọjá.

Mo bojú wẹ̀yìn wo Màmá. Láyé àtijọ́, òun ni ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ kí n tó pajú dé, kó ti máa bi ọ̀gá náà léèrè ìlú tí wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Màmá ń wo igbó tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ilé mẹ́ta tí a wò

Èmi kì í ti orí fóònù gba ilé. Àwòrán ò sọ bí ibì kan ṣe ń rùn. Nítorí náà, ibi mẹ́ta tí wọ́n júwe fún wa, mo ní a ó fi ojú wa rí i kí ẹnikẹ́ni tó já ẹrù.

Òtẹ́ẹ̀lì ni ọkọ mi fẹ́, òun la sì kọ́kọ́ lọ. Ó rẹwà lóòótọ́. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ohun mímu tútù, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, bí o bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá báyìí, iyanrìn lo máa tẹ̀. Ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà. Ó ní, "Ibí ni." Mo jáde lọ bá ọmọkùnrin tó ń gba àlejò, mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọ tiwọn ti ń wẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ wa kẹ̀, mà? Wọn kì í wẹ̀ níbí o. Omi yìí máa ń fa èèyàn."

Omi ìlúwẹ̀ẹ́ kan tún wà láàárín ọgbà, tó jìn, tí kò ní ọgbà kankan yí i ká. Omi méjì ni kí ìyá kan máa ṣọ́, kó sì tún pè é ní ìsinmi? Mo ní kí ọkọ mi dìde.

Ilé àlejò ti ìjọ kan ló tẹ̀ lé e. Ìyàwó pásítọ̀ wa ló júwe rẹ̀, ó sì mọ́ tónítóní. Bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀ gbàdúrà fún wa kó tó fi yàrá hàn wá. Ṣùgbọ́n òfin kún ara ògiri: ẹ má sáré, ẹ má kọrin ayé, ẹ má jẹun ní yàrá, ẹ má tẹ koríko. Mi ò tíì kà á tán tí Mọ́yọ̀ fi wà lórí koríko pẹ̀lú bisikíìtì lẹ́nu, tó ń sáré, tó ń kọrin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà dáadáa.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà lódìkejì ọ̀sà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ Ègùn ló júwe rẹ̀ fún mi: ilé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sẹ́nami, ní abúlé tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. A wọ ọkọ̀ ojú omi débẹ̀, mo sì rí i pé olúkúlùkù wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì kí n tó gbà kí wọ́n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọkọ mi wo ilé náà yí po. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, tó wà lápá òkun, kò ní wíńdò kan ṣoṣo.

"Òkun la wá wò," ọkọ mi ní, "ilé sì kẹ̀yìn sí i."

Ìyá Sẹ́nami jáde sí wa, ó ń nu ọwọ́ tó ń rùn èéfín sára ìró rẹ̀. "Kúabọ̀, kúabọ̀," ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ káàbọ̀ ní Ègùn. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí. Mo bi òun náà ní ìbéèrè mi. Ó nawọ́ sí etí ọ̀sà. Àwọn ọmọ abúlé wà níbẹ̀, omi ò kọjá orúnkún wọn, wọ́n ń fi igbá bu omi lu ara wọn. Àwọn ìyá àgbà méjì jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń yọ egungun ẹja, ojú wọn ò kúrò lára àwọn ọmọ náà.

Ó ní, "Ibi tí ọmọ wà ni ilé wa ń wò. Òkun wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ lọ kí i, a ó jọ lọ ni, ẹ ò ní dá lọ."

Mo ní ibí la dé sí. Ọkọ mi wò mí díẹ̀, ó sì lọ gbé ẹrù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wíńdò tó kọjú sí òkun tàn yín. Ẹ béèrè ibi tí ọmọ onílé ti ń wẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ará òkè

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, mo di ẹni tí kò ní ẹnu. Ègùn ni gbogbo abúlé ń sọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fẹ́. Tòmíwá àti Mọ́yọ̀ ti ń bá àwọn ọmọ ibẹ̀ jà ní Ègùn kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè iyọ̀. "Ará òkè" ni wọ́n ń pè wá, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìwà wọn wù mí. Wọn kì í wọ ilé onílé láìpàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún ọ, o gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́ ní ohunkóhun. Oúnjẹ wọn kẹ̀! Ẹ̀kọ gbígbóná ni, pẹ̀lú ata díndín kan tí wọ́n ń pè ní àjògún, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tí wọ́n dín títí tí epo fi yọ lójú rẹ̀, tí wọ́n wá to ẹja sí. Tòmíwá tí kì í jẹ ẹja nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fá àwo. Àgbọn wà nínú ohun gbogbo, títí kan ìrẹsì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Ìyá Sẹ́nami mú wa lọ sí òkun. A gba àárín àwọn igi àgbọn kọjá, a ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó rí i. A yọ sí i. Mọ́yọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo ìgbì bó ṣe ń wó, tó ń padà, tó tún ń bọ̀.

"Mọ́mì, ta ló ń tì í?"

Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rín pa mí, mo wo Màmá bóyá á bá wa rín in. Màmá wo òkun, ó ní, "Ó pọ̀," ó sì yíjú padà sọ́nà ilé.

Ẹ rántí pé Màmá nìkan ló gbọ́ Ègùn nínú wa. Èdè tó fi ta gàrí fún ìdajì ayé rẹ̀ ni. Síbẹ̀, láti ìgbà tí a dé, kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kí i, á mi orí. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ti ro pé bó bá ṣe ń gbọ́ èdè náà ni ara rẹ̀ máa yá.

Àwọ̀n

Ìyá Sẹ́nami ló ni àwọ̀n ńlá kan, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé e lọ sínú òkun, tí yóò fi í yí po, tí okùn rẹ̀ méjèèjì yóò wà ní èbúté. Èrò abúlé á pín ara wọn sí apá méjì, wọ́n á máa fi orin fa okùn náà bọ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lè dà pọ̀. Àwa náà dà pọ̀. Ọkọ mi bọ́ ẹ̀wù, Tòmíwá di ìdí okùn mú, Mọ́yọ̀ sì fa ọwọ́ Màmá lé e. Màmá fà á bí wọ́n ṣe ń fà á, kò kọrin.

Nígbà tí àpò àwọ̀n gúnlẹ̀, ẹja ń ta pàràpàrà nínú rẹ̀. Wọ́n pín in sórí iyanrìn lókìtì lókìtì. Ìyá Sẹ́nami wá kó ìpín tiwa síwájú wa, ti olúkúlùkù lọ́tọ̀, títí kan Mọ́yọ̀.

Ọkọ mi fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Rárá o, ìyá, ẹ ṣeun. Ọ̀wẹ̀ la fi ṣe."

Èmi náà fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ fi kún tiyín," mo ní, "ẹ tà á." Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n má mú nǹkan kan. Orí mi wú. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀wẹ̀ ṣe rí nílé wa: bí wọ́n bá pè ọ́ wá bá wọn ro oko, oúnjẹ lo máa jẹ, o ò ní di ẹrù lọ sílé. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé wa làwọn èèyàn náà ń rí.

Orin dákẹ́. Ìyá Sẹ́nami kó ẹja náà padà fúnra rẹ̀, kò wò wá lójú.

Nígbà tí wọ́n tún fa àwọ̀n, koríko òkun àti ọ̀rá ló kó wá. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi mọ̀ pé omi ló ń ṣe bó ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn ò gbé omi fún wa mọ́ tí a bá yà sílé wọn. Àwọn ọmọ abúlé ò wá pe Tòmíwá mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Sẹ́nami pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó dúró síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ilé mìíràn. Inú ò bí mi sí yín. Ilé mi ò lè gbà yín mọ́ ni."

Inú bí èmi ní tèmi. Mo ní kí ló dé, ṣé a ba nǹkan jẹ́ ni? Ọkọ mi rọra sọ lábẹ́ ẹnu pé òtẹ́ẹ̀lì ṣì wà níbi tí a fi í sí. Mọ́yọ̀ bú sẹ́kún. Ibẹ̀ la wà tí ohùn kan fi wá láti ìdí ògiri.

"Ìyá Sẹ́nami, jókòó. Kí la ṣe?"

Màmá ni. Ó ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àpótí, ó ń fọwọ́ lu àyè tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Sẹ́nami wọlé, ó jókòó.

"Màmá, ẹ fa okùn, ẹ sì kọ ẹja. Níbí, ẹni tó bá fa okùn tí kò mú ìpín, ó ń sọ fún àwọ̀n pé kó má lọ mọ́. Ẹ̀yin márààrún lẹ kọ̀ ọ́. Àwọn tó ń bá mi fà á ti ní àwọn ò ní fọwọ́ kan okùn tí ẹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Àwọ̀n yìí nìkan sì ni mo ní."

Màmá doríkodò. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni.

"Nílé wa, tí mo bá pe èèyàn sí ọ̀wẹ̀, tó jẹun tán, tó tún di iṣu mi lọ, ṣé o mọ ohun tí à ń pè é?"

"Kí lẹ̀ ń pè é?"

"Olè."

Ìyá Sẹ́nami fi ọwọ́ bo ẹnu. "Olè kẹ̀!"

"Olè gidi. Ọmọ mi ò fẹ́ jalè ní ilé rẹ ni."

Ìpín Màmá

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ló jí wa. Ó ti gba ọ̀já mọ́dìí, ó ti wà lọ́nà òkun kí n tó rí bàtà mi. Nígbà tí mo lé e bá, ó dúró láàárín àwọn tó ń fa okùn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ègùn ló ń sọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti há sí i lọ́fun láti ọjọ́ yìí wá, ó ń ju ọwọ́, ó ń nàka sí ọmọ rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó di iṣu sẹ́yìn tó ń sá lọ. Ẹ̀rín bú jáde. Ọkùnrin kan na orí okùn sí i.

Gbogbo wa bá wọn fà á, Màmá sì fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó sì kọrin. Ẹja tó jáde kò pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹja ni. Nígbà tí Ìyá Sẹ́nami gbé ìpín rẹ̀ síwájú rẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà wò, ó gbé e sókè fún gbogbo ayé rí, ó nàka sí ti ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, mi ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ pé ti ọkùnrin náà tóbi ju tòun lọ. Ìyá Sẹ́nami fọwọ́ lérí, Màmá fọwọ́ mọ́dìí, wọ́n ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èrò ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ẹja mìíràn kún un. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìpín tèmi tí omi ń kán lára rẹ̀, mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn gidigidi. Ọkọ mi ò lè wo ojú mi, omi ló kún ojú tirẹ̀ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ìyá Sẹ́nami mú Màmá wọ ilé tó ti ń yan ẹja. Agbọ̀n ẹja yíyan tò dé abẹ́ òrùlé. Ó ní láti Kútọnu làwọn tó ń rà á ti ń wá, wọn ò lè wá mọ́. Màmá mú ọ̀kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò.

"Ta ló ń kó èyí wá sí Ayétòrò?"

"Kò sẹ́ni, Màmá."

"Ta ló ń kó o lọ sí Afọ̀n? Ìbèsè ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo awakọ̀ tó ń jẹun níbẹ̀?"

"Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Màmá fa àpótí kan, ó jókòó. Láti ìgbà náà, a ò rí àwọn méjèèjì lò mọ́. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú ọ̀sà, èmi àti ọkọ mi ń mu omi àgbọn, àwọn ìyá méjì sì ń to ẹja nínú èéfín, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn.

Ọjọ́ tí a ó padà

Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí mo rí i pé àpò Màmá ò sí níbẹ̀. Mo pè é. Ó jáde láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, eérú wà lórí gèlè rẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ó ní.

"Màmá, kí a máa lọ báwo? Àwa la mú yín wá, àwa la ó mú yín padà."

"Ìyá Tòmíwá, o ṣeun. Ilé tí o yàn dáa. Ó tẹ́ mi lọ́rùn." Ó gbé Mọ́yọ̀ sókè, ó fi í sínú ọkọ̀, ó so jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. "Iṣẹ́ wà níbí tí mo fẹ́ ṣe."

Mo yíjú sí ọkọ mi kó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, omi kún ojú rẹ̀, kò wúlò fún mi rárá. Torí Màmá ni mo ṣe wá. Mo ti rò ó pé èmi ni màá mú un padà bọ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí gbogbo yín rí i. Ó dùn mí wọra, kí n má purọ́.

"Kí wá ni kí n sọ fún àwọn ará ilé?" mo bi í.

Màmá ti ń padà lọ sídìí ẹja. Kò tilẹ̀ dúró.

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Kí ẹnikẹ́ni má ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíì."